«Èwo ló dára jù?»: Àfiwé àwọn oògùn àìsàn ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àti iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń ṣe nínú rẹ̀

1. Ìbéèrè kan ní yàrá dókítà

Ìyá kan láti agbègbè Kétu mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 19, wá sí ilé ìwòsàn. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọmọ náà ti ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tó sì gbà pé àwọn ará àdúgbò ń pète ibi sí òun. Faransé ni dókítà ń sọ, Yorùbá Kétu ni ìyá ń sọ, nọ́ọ̀sì kan sì ni ògbufọ̀ láàárín wọn. Èmi wà níbẹ̀ láti kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda gbogbo wọn. Nígbà tí dókítà dárúkọ oògùn méjì, haloperidol àti olanzapine, ìyá béèrè pé: «Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, nínú méjèèjì, èwo ló dára jù?» Nọ́ọ̀sì túmọ̀ ìbéèrè náà láìsí àbùkù. Dókítà rò ó díẹ̀, ó ní: «Ça dépend.» Nọ́ọ̀sì wá yí èyí sí Yorùbá pé: «Màmá, wọ́n ní ọ̀kan náà ni méjèèjì.»

Kì í ṣe pé nọ́ọ̀sì yìí kò gbọ́ Faransé. Ohun tó dojú kọ ni pé gbólóhùn Faransé yẹn lè dá dúró láìní àbọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá kò ní irú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́, a ní láti sọ pé «ó wà lọ́wọ́ ohun báyìí báyìí», ká sì dárúkọ ohun náà. Dókítà kò dárúkọ nǹkan kan, nọ́ọ̀sì kò sì rí nǹkan kan fi dí àlàfo náà, ló bá sọ èyí tó sún mọ́ ọn.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé gírámà àfiwé wa gan-an ló béèrè ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi ọ̀pọ̀ ọdún wá kiri: kí a tó sọ pé oògùn kan ta èkejì yọ, a gbọ́dọ̀ sọ ọ̀nà tó gbà ta á yọ. Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ oògùn tí òun yóò lò, kó lọ bá dókítà. Iṣẹ́ tèmi ni bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tó máa gbé oògùn mì.

Ẹ jẹ́ ká tètè parí ọ̀rọ̀ lórí orúkọ àìsàn yìí. Ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní premier épisode psychotique ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tàbí rí ohun tí kò sí, tàbí tó di èrò kan mú tí ẹ̀rí kankan kò lè yí i padà. Mi ò lo «wèrè» fún un. «Wèrè ni» sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́, kò sì ní ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n «orí rẹ̀ dàrú» sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ènìyàn sì lè sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé «orí rẹ̀ ti pé». Fún ọmọ ọdún 19, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

2. Ohun tí «jù» ń béèrè

Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) Olú ga ju Adé lọ.
(2) Olú fi ìka méjì ga ju Adé lọ.
(3) Olú ju Adé lọ.

Nínú (1), ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló tẹ̀ lé ara wọn. «Ga» sọ ìhà tí a ń wò, «jù» sì sọ pé ọ̀kan kọjá èkejì ní ìhà náà. Gbólóhùn (2) fi ìwọ̀n kún un nípasẹ̀ «fi». Gbólóhùn (3) tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ yóò béèrè lójú ẹsẹ̀ pé: «Nípa kí ni?» Ìyẹn ni pé àyè méjì ló wà nínú àfiwé Yorùbá fún ẹni tó bá fẹ́ sòótọ́: àyè ìhà àti àyè ìwọ̀n. Nínú Faransé, «meilleur» ti gbé ìhà àti àfiwé pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan, kò sì sí ibi tí a ti lè fojú rí ohun tó ṣófo.

«Dára jù» ló ń bà á jẹ́. Ní ti gírámà, «dára» kún àyè ọ̀rọ̀-ìṣe dáadáa. Ní ti ìtumọ̀, àyè náà ṣì ṣófo. Bí ìyá yẹn bá béèrè pé èwo ló ń pa ohùn tí ọmọ òun ń gbọ́ mọ́, tàbí èwo ló ń múni sùn jù, tàbí èwo ni ọmọ òun yóò lè mu pẹ́, ìdáhùn wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìdáhùn náà kò sì bára wọn mu, ohun tí dókítà ń sọ pẹ̀lú «ça dépend» nìyẹn.

3. Agbára méjì nínú ọ̀rọ̀ kan

Nínú ohun tí mo kọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń rọ́pò «dára» ni «lágbára». «Èyí lágbára ju tàná lọ.» Ọ̀rọ̀ yìí léwu ju «dára» lọ, nítorí ó dà bí ẹni pé ó ti sọ ìhà kan.

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni «agbára oògùn» lè túmọ̀ sí. Àkọ́kọ́ ni pé díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti ṣe iṣẹ́ tí púpọ̀ nínú òmíràn ń ṣe. Nínú ìṣirò tí àwọn dókítà sábà ń lò, mílígíráàmù 2 haloperidol jẹ́ ẹgbẹ́ mílígíráàmù 100 chlorpromazine. Èkejì ni pé iṣẹ́ tí oògùn náà lè ṣe, bí a tilẹ̀ fún ènìyàn ní ìwọ̀n tó yẹ, pọ̀ ju ti òmíràn lọ. Haloperidol lágbára ju chlorpromazine lọ ní ọ̀nà àkọ́kọ́. Ìyẹn kò sọ ọ́ di alágbára jùlọ ní ọ̀nà kejì. Mo ti gbọ́ bàbá kan tó wo nọ́ńbà ara páálí oògùn méjì, 5 lórí ọ̀kan, 100 lórí èkejì, tó sì sọ pé ti 100 ni kí wọ́n fún ọmọ òun nítorí àìsàn náà le. Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lè dá nǹkan méjèèjì yìí yà sọ́tọ̀ láìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun: «díẹ̀ rẹ̀ ti tó» fún àkọ́kọ́, «iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀» fún èkejì.

Agbára tún ní òkè tí kò ní lè kọjá. Àwọn oògùn wọ̀nyí ń dí ibi tí dopamine ń so mọ́ nínú ọpọlọ, dopamine sì ni ọ̀kan lára ohun tí ẹ̀yà ọpọlọ kan fi ń ránṣẹ́ sí òmíràn. Ní ọdún 2000, Shitij Kapur àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 22 tí àìsàn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mílígíráàmù 1 tàbí 2.5 haloperidol lójúmọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún wọn, wọ́n sì ya àwòrán ọpọlọ wọn. Bí oògùn bá dí nǹkan bí 65 nínú 100 àwọn ibi wọ̀nyí, ara ènìyàn túbọ̀ ń yá. Bó bá kọjá 78, ara líle àti àìbalẹ̀ ara ni wọ́n túbọ̀ ń rí. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kò fẹ̀. Ẹni tí kò tíì mu irú oògùn yìí rí kì í sì í nílò ìwọ̀n tí ẹni tó ti ń mu ún fún ọdún púpọ̀ ń mu. Nítorí náà, kì í ṣe ìgbàkúgbà ni «ẹ jẹ́ kó lágbára díẹ̀ sí i» túmọ̀ sí ìrànlọ́wọ́.

Orúkọ àwọn oògùn náà fúnra wọn ti kọ́kọ́ ṣì wá lọ́nà. Ní ọdún 1952, Jean Delay àti Pierre Deniker lo chlorpromazine fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn Sainte-Anne ní Párísì. Largactil ni orúkọ tí wọ́n fi tà á, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ gbòòrò. Delay àti Deniker yìí kan náà ló dá ọ̀rọ̀ neuroleptique sílẹ̀ láti inú èdè Gíríìkì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tó gbá iṣan mú. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn kan gbà pé bí ara aláìsàn kò bá le, oògùn kò tíì ṣiṣẹ́. Orúkọ ti sọ àtubọ̀tán di àmì ìwòsàn! Clozapine ló já èrò yẹn, nítorí kì í sábà mú ara le, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́.

Àwọn bàbá wa náà ní oògùn tiwọn. Asofẹ́yẹjẹ, igi tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ odidi gbólóhùn tí a sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ (a-so-fún-ẹyẹ-jẹ), ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Rauvolfia vomitoria. Reserpine wà nínú gbòǹgbò rẹ̀, òun náà sì ń dín dopamine kù ní ọ̀nà mìíràn. Raymond Prince kọ̀wé ní ọdún 1960 lórí bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà ṣe ń lò ó fún àìsàn ọpọlọ. Ó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ògbufọ̀ mọ orúkọ rẹ̀, kó sì béèrè lọ́wọ́ ẹbí bóyá wọ́n ti fún ọmọ náà mu kí wọ́n tó wá, kí dókítà lè mọ ohun tó ń fi oògùn tirẹ̀ kún.

4. Ohun tí àwọn ìwádìí fi wéra

Ìwádìí tó bá ìbéèrè ìyá yẹn mu jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní EUFEST, tí René Kahn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Ènìyàn 498 ló kópa, láti orílẹ̀-èdè 14 ní Yúróòpù àti Ísírẹ́lì, ọjọ́ orí wọn sì wà láàárín ọdún 18 sí 40. Àìsàn gbogbo wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Oògùn márùn-ún ni wọ́n fi wéra: haloperidol ní ìwọ̀n kékeré (mílígíráàmù 1 sí 4), amisulpride, olanzapine, quetiapine àti ziprasidone.

Ohun tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè kíyè sí ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n yàn. Wọn kò kọ́kọ́ béèrè pé «èwo ló ń wòsàn jù?» Wọ́n béèrè pé: «Èwo ni wọ́n tètè dá dúró jù?», fún ìdí yòówù kó jẹ́. Kí ọdún kan tó pé, nínú ènìyàn 100 tó gba haloperidol, nǹkan bí 72 ti dá a dúró. Ti quetiapine jẹ́ 53, ziprasidone 45, amisulpride 40, olanzapine 33. Ẹni tó bá ka èyí nìkan yóò sọ pé olanzapine ló borí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn àmì àìsàn fúnra rẹ̀, ó lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 60 nínú 100 láàárín gbogbo wọn, ìyàtọ̀ kò sì hàn láàárín oògùn márààrún. Ìwádìí kan náà dáhùn ìbéèrè méjì ní ọ̀nà méjì. Ẹ̀wẹ̀, dókítà àti aláìsàn mọ oògùn tí wọ́n ń lò. Èrò tí àwọn dókítà ti ní sí haloperidol tẹ́lẹ̀ lè wà lára ohun tó mú kí wọ́n tètè yí i padà. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà kò fi èyí pamọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí CAFE tí Joseph McEvoy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2007 fi olanzapine, quetiapine àti risperidone wéra láàárín ènìyàn 400. Níbẹ̀, aláìsàn àti dókítà kò mọ oògùn tó wà nínú kóró. Nǹkan bí 70 nínú 100 ló dá tirẹ̀ dúró kí ọ̀sẹ̀ 52 tó pé, oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba.

Àwọn kan wo ọjọ́ iwájú dípò ọjọ́ òní. Nínú ìwádìí tí Nina Schooler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2005 lórí ènìyàn 555, risperidone àti haloperidol bára dọ́gba ní mímú ara yá. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí àìsàn náà padà sí, ó pẹ́ kí ó tó padà sí àwọn tó mu risperidone. «Mú un lára dá» àti «jẹ́ kó pẹ́ kí àìsàn tó padà» kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà.

Bí oògùn àkọ́kọ́ kò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Gbogbo ẹbí ló máa ń sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìwádìí OPTiMISE, tó jáde ní ọdún 2018, fún ènìyàn 446 ní amisulpride fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àmì àìsàn lọ sílẹ̀ dáadáa lára 56 nínú 100. Wọ́n pín lára àwọn tó kù sí méjì: àwọn kan ń bá amisulpride lọ, wọ́n yí ti àwọn kan sí olanzapine. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 45 nínú 100 ló dára lọ́hùn-ún, 44 níhìn-ín. Ìpààrọ̀ yẹn kò fi ohun kan kún sùúrù. Clozapine nìkan ló ní àyè ọ̀tọ̀ fún ẹni tí oògùn méjì kò ràn lọ́wọ́. Nínú ìwádìí John Kane ní ọdún 1988, 30 nínú 100 irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló gbádùn rẹ̀, 4 péré lára àwọn tó mu chlorpromazine. Ṣùgbọ́n ó lè pa ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ funfun run, àwọn kan sì kú ní Fínlándì ní ọdún 1975. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, tí wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń mu ún wò léraléra.

5. «Kò fara balẹ̀» àti «ó ti sanra»

Bí gbogbo oògùn wọ̀nyí bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní mímú àmì lọ sílẹ̀, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń ṣe sí ara ni a fi ń yàn láàárín wọn. Faransé ń pè é ní effets secondaires, bí ẹni pé ipò kejì ló wà. Mo yan «àtubọ̀tán oògùn», tí kò sọ ipò kankan.

Ìyá wa láti Kétu padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Haloperidol ni wọ́n fún ọmọ rẹ̀. Ó ní: «Dókítà, ohùn tó ń gbọ́ ti dín kù o, ṣùgbọ́n kò fara balẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó, á dìde. Kò jẹ́ ká sùn.» Nọ́ọ̀sì sọ fún dókítà pé: «Il est agité.» Dókítà mú kálámù láti fi kún ìwọ̀n oògùn.

Ẹ wo mẹ́ta wọ̀nyí:

(4) Kò fara balẹ̀.
(5) Ara rẹ̀ kò balẹ̀.
(6) Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Nínú (4), «fi ara balẹ̀», ènìyàn ni olùwà, ara sì ni àbọ̀ «fi». Ẹni náà ló yẹ kó ṣe é, kò sì ṣe é. Ìbáwí wà nínú gbólóhùn náà, ó dà bí ohun tí a ń sọ fún ọmọ tó ń ṣe ìjàngbọ̀n. Nínú (5), ara fúnra rẹ̀ ni olùwà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn ni, kì í ṣe ohun tó ń ṣe. (6) gbé e lọ sínú ìbẹ̀rù àti ìrònú. Agité lè túmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tó sì yẹ kí dókítà ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Bó bá jẹ́ pé àìsàn ló ń dà á láàmú, dókítà lè fi kún oògùn. Bó bá jẹ́ (5), oògùn gan-an ló fà á. Akathisie ni Faransé ń pè é, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí àìlèjókòó, àfikún oògùn sì lè mú un burú sí i. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, wọ́n ti so ìnira yìí mọ́ èrò gbígba ẹ̀mí ara ẹni.

Ọmọ náà ló yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ẹnikẹ́ni kò tíì bi í léèrè. Ó ní: «Ẹsẹ̀ mi ni kò jẹ́ n jókòó.» Ẹsẹ̀ ni olùwà. Nọ́ọ̀sì túmọ̀ ìyẹn ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, dókítà sì fi kálámù sílẹ̀. Ó dín ìwọ̀n oògùn kù.

Haloperidol tún máa ń mú kí ọrùn yí tàbí kí ojú yí sókè ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, pàápàá lára ọ̀dọ́mọkùnrin. Ẹbí tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò sọ pé ọwọ́ ayé ni, wọn ò sì ní padà wá. Abẹ́rẹ́ kan ló sábà máa ń tú u.

Ti olanzapine yàtọ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ara le, ó máa ń mú ènìyàn sùn, ó sì máa ń mú un sanra. Nínú CAFE, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 52, 80 nínú 100 àwọn tó mu olanzapine ló fi ìdá 7 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wúwo ju bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ti risperidone jẹ́ nǹkan bí 58, ti quetiapine 50. Èdè wa kò ràn wá lọ́wọ́ níbí. «Ó ti sanra» jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn lẹ́nu wa: ara rẹ̀ ti mókun nìyẹn, ìlera ti dé. Ẹbí á máa dúpẹ́ nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà ń rìn bọ̀. Gbólóhùn (2) wúlò níbí. «Ó fi kílò mẹ́fà wúwo ju oṣù tó kọjá lọ» kì í ṣe ìyìn, kì í sì í ṣe èébú. Ó kàn jẹ́ ìwọ̀n. Mo dá a lábàá pé kí àwọn ògbufọ̀ fi «wúwo» rọ́pò «sanra» nígbàkigbà tí òṣùwọ̀n bá wà nílẹ̀.

Risperidone àti amisulpride lè dá nǹkan oṣù obìnrin dúró tàbí kí omi ọmú máa jáde láìsí oyún. Ẹni tí wọn kò sọ èyí fún tẹ́lẹ̀ lè rò pé òun ti lóyún, tàbí kí ọkọ rò bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀, ògbufọ̀ ọkùnrin kan kò sọ ọ́ rí.

6. «Ó ti sàn» àti «ó ń sàn»

Ìbéèrè tó kẹ́yìn lẹ́nu ẹbí ni ìgbà tí wọn yóò dá oògùn dúró. Delbert Robinson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1999 lórí ènìyàn 104 tí àìsàn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí ara wọn sì yá. Láàárín ọdún márùn-ún, àìsàn náà padà sára nǹkan bí 82 nínú 100. Dídá oògùn dúró sọ ewu náà di nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún. Ní Nẹ́dálándì, Lex Wunderink àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun tó dà bí òdìkejì: ní ọdún 2013, lẹ́yìn ọdún méje, 40 nínú 100 àwọn tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti dín oògùn wọn kù tàbí dá a dúró lójú dókítà ló ti padà sí ìgbésí ayé pípé, bí a bá fi wé 18 lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa mu ún lọ. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń dín in kù yìí náà ni àìsàn tètè padà sí jù. Àwọn oníṣègùn ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí méjèèjì.

Tiwa ni láti rí i pé ẹbí gbọ́ ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí. «Dín in kù díẹ̀díẹ̀ lójú dókítà» àti «fi í sílẹ̀» jìnnà síra, àmọ́ ògbufọ̀ mẹ́ta ni mo gbọ́ tó fi «fi oògùn sílẹ̀» túmọ̀ diminuer. Ọ̀rọ̀ «ti» náà wà níbẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún ìyá pé «ó ti sàn», ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti parí, kò sì sí ìdí fún oògùn lọ́la. «Ó ń sàn» fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ní oṣù kẹrin, nígbà tí ìyá láti Kétu wá gba oògùn, «Ara rẹ̀ ń yá, Màmá» ni nọ́ọ̀sì sọ fún un. Ìyá wá béèrè pé: «Títí di ìgbà wo ni yóò máa yá?» Nọ́ọ̀sì yíjú sí dókítà, ó sì túmọ̀ ìbéèrè náà bó ṣe wà.